Awùsá Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọkọ Mi

Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀yìnkùlé tó bá rí játijàti. Ìkirè ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nílé olùkọ́, níbi tí koríko ò ti gbọdọ̀ ga ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá lọ́kọ sí Àpòmù ní àárín àwọn ọdún 1980, mo bá ìyá ọkọ mi, àgbẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú odindi igbó lẹ́yìn ilé.

Awùsá ni igbó ọ̀hún. Wọ́n gbìn ín sídìí igi iyeyè, ó sì fà gun igi náà débi pé a kì í rí ewé iyeyè mọ́. A kì í ká awùsá. Tó bá gbó, á já bọ́ fúnra rẹ̀, onílé á sì ṣà á. Ìyá ọkọ mi kì í tètè ṣà á. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété kọ́kọ́ mú tiwọn, ìyókù la ó sè. Àdàbà pàápàá tẹ́ ìtẹ́ sínú ewé rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, olè lẹ̀ ń bọ́ yìí o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iná ọ̀gbẹlẹ̀ tó jó oko kòkó wa lọ́jọ́sí, ṣé tiwa nìkan ló jó ni? Ibo lo fẹ́ káwọn ẹranko yìí náà lọ?"

Ejò tó lè sá pamọ́ síbẹ̀ ni èmi ń rò ní tèmi.

Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi iléèwé, wọ́n lọ sóko ní Ararọ̀mí-Òwu. Mo mú àdá, mo fẹ́ fi iṣẹ́ yà wọ́n lẹ́nu. Ọgbọ́n ju agbára, àwọn àgbà ní. Agbára nìkan ni mo mú dání lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣán koríko, mo gbálẹ̀, mo sì gé ìtàkùn kan tó nípọn bí ọwọ́ mi nídìí iyeyè, kí igi lè rí atẹ́gùn. Ẹ̀ka kan lásán ni mo pè é. Àṣé ìdí awùsá kan ṣoṣo nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ewé rẹ̀ ti rọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan sọ, ẹnu mi kì í ṣófo. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé fún wọn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé àárín wa ti bàjẹ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fọ abọ́, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ti kírun tán, wọ́n jókòó sórí àpótí, ọ̀kẹ́rẹ́ kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí ìtàkùn gbígbẹ náà, ó ń wá ohun tí kò sí mọ́. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń bẹ àlejò pàtàkì:

"Ẹ má bínú. Ọmọ mi ni. Kò mọ̀ ni."

Látìgbà tí mo ti wọlé wọn, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. Mo bú sẹ́kún tabọ́ tabọ́ lọ́wọ́. Mi ò tíì rí èèyàn tó ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kúnlẹ̀, mo tọrọ èso awùsá kan lọ́wọ́ wọn, mo sì fọwọ́ ara mi gbìn ín.