Láádá Tí Mo Fi Orin Ọmọ Mi Wá

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi orin ọmọ mi ta àwọn èèyàn lọ́rẹ. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Àkọ́bí mi obìnrin ń kọ orin ẹ̀sìn. Mẹ́fà ló ti kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló rí gbà sílẹ̀ ní sítúdíò kan ní àdúgbò Fate ní Ìlọrin, nítòsí ilé wa. Onísítúdíò náà bá a ṣe àdéhùn. Yóò gbé orin náà sórí ìkànnì kan tí èèyàn ti ń sanwó kó tó lè wa orin jáde. Bí wọ́n bá rà á dáadáa, yóò gba márùn-ún yòókù sílẹ̀ fún un. Bí wọn ò bá rà á, ó parí síbẹ̀. Ọmọ mi fara mọ́ ọn. Èmi ni àyà mi ń já. Mo ń bẹ̀rù ojú, mo sì ń bẹ̀rù ẹnu ayé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, ó fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi kó tó dé orí ìkànnì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà mo fi sí gúrúùpù orí fóònù ti asalátù wa, ẹgbẹ́ àdúà àwa obìnrin mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá mi ṣe àdúà fún ọmọ mi. Mo rò pé bí àdúà bá ṣáájú orin náà, aburú kankan ò ní bá a.

Bí a ti ń ṣe ní Ìlọrin nìyẹn. Bí wàásí tàbí orin ẹ̀sìn bá dé ọwọ́ wa, a kì í dá a dúró. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá gbà pé láádá mẹ́wàá ló wọlé fún òun lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó ń pe èyí ní olè. Èmi náà ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Láràárọ̀ ni ọmọ mi ń wo ìkànnì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mọ́kànlá ló rà á, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo lọ ra ẹ̀wà ní ọjà Ìpàta ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú sípíkà ọkùnrin kan tó ń kó orin àti wàásí sínú mẹ́mórì fóònù fún oníbàárà. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ní: “Mọ́mì, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni o.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú èyí tó wà lórí ìkànnì. Inú ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ sí mi nìkan ló wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti gbọ́ ọ. N kò ka asalátù mọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo bi ọkùnrin náà pé níbo ló ti rí i.

“Àlàájà, èyí tó ń jà nígboro nìyẹn! ‘Mọ́mì, Ẹ Gbọ́ Ọ’ ni gbogbo wọn ń béèrè. Ẹ mú mẹ́mórì yín wá.”

“Ọmọ mi ló kọ ọ́. Orí ìkànnì la ti ń rà á.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá olórin! Ọmọ yín di ìlú-mọ̀ọ́ká, ẹ ń fajú ro. Ta ló kó wàásí ààwẹ̀ èṣí sínú mẹ́mórì yín ná? Ṣèbí èmi ni?”

Òun ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo dìde ní asalátù. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ra orin náà, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ẹ̀dà ọwọ́ wọn rẹ́.

“Kí n pa orúkọ Ọlọ́run rẹ́ lórí fóònù mi?” Obìnrin kan tó jù mí lọ ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ìyàwó, ìwọ lo fún wa. Ṣé o fẹ́ gba sàárà padà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Méjì nínú wọn rà á lọ́jọ́ náà. Kó tó di ìrun àlàásárì, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti fi èyí tó rà sí gúrúùpù, kí àwọn yòókù má bàa ṣe wàhálà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọmọ mi pé èmi ni.

“Mo mọ̀, Mọ́mì,” ló wí. “‘Mọ́mì, Ẹ Gbọ́ Ọ’ ni wọ́n ń pè mí ní títì.”

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Onísítúdíò ti sọ fún un pé òun ò ṣe mọ́. Ọmọ mi ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé kékeré kan ní Òkè-Oyì, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń wọkọ̀. Mo ní ká wá sítúdíò mìíràn lọ. Ó bi mí pé, “Fún ta ni?”

Wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ mi ní asalátù pé ìgbà wo ni orin kejì ń bọ̀, pé kí n má gbàgbé àwọn o. Mo máa ń ní ó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Irọ́ ni mo ń pa. Kò sí èyí tó ń bọ̀.