Orúkọ Onídùúró

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko ni Tíṣà Fọlákẹ́ Adéyẹmí fi kọ́ àwọn ọmọ Oǹdó ní ìwé kíkà àti òfin ìlú. Láti ọdún mọ́kànlá tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló kan òrùlé ilé wọn, òun náà ló rán Oyèníyì, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lọ sí yunifásítì ní Àkúrẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó bi í pé ọkùnrin ilé rẹ̀ dà.

Lọ́jọ́ Ajé kan ni àwọn ọlọ́pàá dá Oyèníyì dúró lórí ọ̀kadà ní Àkúrẹ́. Wọ́n rí kọ̀ǹpútà nínú báàgì rẹ̀, wọ́n rí irun dídì lórí rẹ̀, ó parí, ó ti di ọmọ Yahoo! Kò sí ẹni tó fẹjọ́ sùn, kò sí ẹ̀rí kankan, wọ́n ṣáà tì í mọ́lé. Òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan. Kóòtù kò jìnnà sí àgọ́ ọlọ́pàá yẹn rárá, bí èèyàn bá sọ̀kò níbẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á, síbẹ̀ ọmọ náà sùn síbẹ̀ di Ọjọ́rú. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ sì di ọ̀la.

Tíṣà háyà mọ́tò kan ní gáréèjì Oǹdó. Kìtán ni orúkọ awakọ̀ náà, kò sì rí i rí títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó dé àgọ́, sájẹ́ǹtì tó wà nídìí káńtà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gbé àga fún un, ó fún un ní omi tútù.

"Màmá, a ó fi ọmọ yín sílẹ̀ bí ẹ bá rí onídùúró. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin o. Obìnrin kì í gba béèlì níbí. Bí ọmọ bá sá lọ, ṣé ìyá wa la ó wá tì mọ́lé? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ẹ lọ pe bàbá ulé wá."

"Bàbá ilé ti kú."

"Ẹ wá ọkùnrin mìíràn."

Tíṣà ṣí ìwé orin rẹ̀, ó sì yọ bébà kan jáde. Ṣìkẹ́mi, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tó wá bá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn sọ̀rọ̀, ló fún wọn. Ó kà á sókè: láti ọdún 2015 ni òfin ti sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin ká má gbà á ní onídùúró.

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Màmá, inú ìwé nìyẹn wà. Àgọ́ ọlọ́pàá lẹ wà yìí."

Ẹ gbọ́ ná! Bí òfin kò bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, níbo ló fẹ́ dé? Ṣé inú ìwé orin ni kó máa gbé títí ayé? Àga tí wọ́n gbé fún Tíṣà wá ń gún un ní ìdí. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyí, tó ń fi omi tútù gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni?

Ìgbà yẹn gan-an ni Kìtán yọjú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dúró. Ojú sájẹ́ǹtì tàn yanran.

"Ọ̀gá awakọ̀, báwo ni ọmọ náà ṣe jẹ́ sí yín?"

"Èmi? Mo gbé ìyá rẹ̀ wá ni."

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀." Ó ti fọ́ọ̀mù sí i.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Kìtán bẹ̀rẹ̀ sétí Tíṣà: "Màmá, mi ò mọ̀wé o. Ẹ bá mi kọ ọ́."

Tíṣà gba bírò. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ onídùúró, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bó bá kọ Kìtán, ọmọ òun á ṣe ìdánwò. Bó bá kọ tara rẹ̀, tí sájẹ́ǹtì sì rí i, ọmọ tún di èrò àhámọ́. Àmọ́ ọwọ́ tó ti kọ́ ìlú níwèé kọ̀, kò kọ irọ́. Ó kọ Fọlákẹ́ Adéyẹmí gàdàgbà, bó ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó, ó sì fọwọ́ sí i.

Sájẹ́ǹtì wo Kìtán láti òkè délẹ̀. Kò wo orúkọ. Ó lu òǹtẹ̀.

Oyèníyì jáde, ètè rẹ̀ gbẹ, wọ́n ti gé irun rẹ̀ jákujàku. Nínú mọ́tò, Tíṣà sọ ohun tó kọ fún wọn. Kìtán lu ọwọ́ mọ́ sítíárìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ mú wọn!"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó di orí ọmọ rẹ̀ mú mọ́ra.

"Má rẹ́rìn-ín, Kìtán. Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo jí gbé yẹn."