Sinimá Dosu Tí Kò Lóhùn

Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù ní Topo nípa Dosu Onísinimá ni ti ọjọ́ tó mú ọlọ́pàá inú sinimá tọrọ àforíjì. Bí ọlọ́pàá yẹn ṣe gbé kóńdó sókè láti lu àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn, bàtà àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í fò lu aṣọ funfun ara ògiri. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ. Dosu yára yí ohùn tó ń sọ fún ọlọ́pàá náà padà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Topo, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni wọ́n rán wa." Kálukú bá jókòó.

Sinimá náà ti pẹ́ gan-an. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan àti obìnrin òyìnbó kan fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì jọ ń jà kí ìjọba òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e ló dojú dé lọ́jọ́ kan tí omi ọ̀sà fi ba ohùn sinimá náà jẹ́, ni Dosu bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, pẹ̀lú Yorùbá ẹlẹ́nu Ègùn tirẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀, òyìnbó ń ná ẹja lọ́jà Agbalata.

Olùkọ́ kan bi í pé, "Bàbá, èdè wo ni obìnrin yìí ń sọ gan-an?"

"Èdè tó yé ọkọ ẹ̀ ni."

Ibi tí Afeezat ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù ni etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń lé ọkùnrin náà kúrò nílùú. Obìnrin òyìnbó náà á la ẹnu, Dosu á ní, "Bí ẹ bá máa lé e, ẹ lé àwa méjèèjì." Ọ̀rọ̀ tí Afeezat fúnra rẹ̀ sọ ní pálọ̀ bàbá rẹ̀ l'Aradagun nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n ní ọmọ Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fẹ́ apẹja Ègùn, ọmọ ìjọ Àgùdà. Ó máa ń fi yangàn pé òyìnbó pàápàá sọ bẹ́ẹ̀.

Dosu kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, gbólóhùn yẹn ló ń wu Afeezat láti tún gbọ́. Nígbà tí Sirajudeen ọmọ wọn rí ohùn sinimá náà gangan lọ́wọ́ àwọn tó ń tún sinimá àtijọ́ ṣe, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó síwájú.

Wọ́n dé etí òkun. Obìnrin òyìnbó náà sọ̀rọ̀, ó ń sunkún.

"Kí ló wí?"

"Ó ń dágbére ni, Màámi. Ó ní kó máa lọ, òun ò lè bá a lọ."

"Irọ́ ni!"

"Ohun tó sọ nìyẹn, mà."

Ó wá yé Afeezat. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń fi sí òyìnbó lẹ́nu níwájú gbogbo ìlú, kò sì sọ fún un rí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omijé fi dé.

"Siraju, dá a padà síbẹ̀. Pa ohùn yẹn."

"Èyí mà ni ojúlówó, Màámi."

"Mo gbọ́. Àárò bàbá ẹ ló ń sọ mí."

Sirajudeen pa á. Òyìnbó la ẹnu. Afeezat bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà bí Dosu ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Ègùn, ṣùgbọ́n ẹkún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀.