Wáyà Méjì Tí Bàbá Yàn ní Ìjerò

Wáyà pupa ni mo kọ́kọ́ rà fún gìtá béèsì ìjọ wa, ó sì nípọn bí àtàǹpàkò ọkùnrin. Inú mi dùn sí i débi pé mo gbé e han ọkọ mi kí n tó bọ́ bàtà. Ní Arámọkọ tí mo lọ́kọ sí, ẹni tó bá ń ra wáyà, ìnípọn ló ń wò. Òpó iná jìnnà sí ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó bá ra tín-ín-rín, gílóòbù rẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Nítorí náà, mo fọwọ́ wọn gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì ontajà, mo mú èyí tó sanra jù, mo sì ń yangàn pé ojú mi là.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́dìn ìjọ wa ń ka ìkéde lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ láti inú kọ́ńbò mi, àpótí tó ń gbé ohùn béèsì jáde. Rédíò ni. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo yí i wálẹ̀, ìró kan tún kù tó ń kùn bí agbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́dìn yìí, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Màdáámù, a mọrírì yín. Ṣùgbọ́n béèsì ń fẹ́ ìka líle. Bó bá tún pariwo lọ́jọ́ Ìkórè, a óò wá ọkùnrin kan láti Adó tí yóò máa ta á."

Mo ní ó dáa, sà. Mo délé, mo sunkún. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló ra béèsì yẹn fún ìjọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ, ìka mi bó, ó san, ó tún bó. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá tó ń ta gìtá nínú ìjọ wa ló wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Agboolé kan náà ni òun àti ọkọ mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Ọ̀yọ́ ni mí. Ọ̀pẹ ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gùn, ó ń kọ ẹyìn kiri láti Òkè-Ìmẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n, kí orúnkún rẹ̀ tó ní ó tó.

Ó fi ọ̀bẹ la wáyà pupa mi kí n tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, wò ó. Kò láwọ̀n nínú." Ó fa tirẹ̀ àtijọ́ yọ lápò, èyí tí orí rẹ̀, irin tí wọ́n ń kì bọ gìtá, ti já, ó bó o fún mi. Wáyà bàbà kan wà láàárín gbùngbùn, rọ́bà funfun bò ó, àwọ̀n bàbà kan tó fẹ́lẹ́ wé e yíká, lẹ́yìn náà ni rọ́bà dúdú tó wà lókè. Ó ní àwọ̀n yẹn ló ń lé ariwo sẹ́yìn. Wáyà sípíkà lèmi rà, kò sí àwọ̀n nínú rẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń fò kọjá lójú ọ̀run ló ń wọlé sí i.

Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sanra. Ta ló fi ṣe òpó ulé rí?" Mo rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tíṣà tí mò ń ṣe kò jẹ́ ká ráyè títí di Sátidé tí Ìkórè ku ọ̀la. A wọ mọ́tò lọ sí Ìjerò, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ta ohun èlò orin.

Mo ti rí ẹni tó ń yan aṣọ, mo ti rí ẹni tó ń yan ewúrẹ́. N kò rí ẹni tó yan nǹkan bí Bàbá ṣe yan wáyà lọ́jọ́ náà. Kò wo àwọ̀, kò wo orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ó kọ́kọ́ bi mí pé láti orí àga mi dé ìdí kọ́ńbò, ìgbésẹ̀ mélòó ni. Mo ní mẹ́rin. Ontajà ti ń na èyí tó gùn bí okùn kànga sí wa. Bàbá ní rárá, bí ọ̀nà bá gùn jù, á máa rẹ ohùn, èyí tó bá sì ṣẹ́kù nílẹ̀ á máa kọ́ àwọn oníjó lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló pajú dé. Ó ń fa wáyà kọjá láàárín ìka méjì, díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń lọ. Èyí tó bá takú, ó dá a padà. Èyí tó bá rọ̀ tí kò sì ṣẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tú orí rẹ̀, ó wo bí wọ́n ṣe fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́. Ontajà ní, "Bàbá, kì í ṣe ejò o." Bàbá fa òmíràn sọ́dọ̀. Àwọn tó ń gun ọ̀pẹ lọ́dọ̀ wa kì í fi ojú ra igbà, okùn tí wọ́n fi ń gùn ún. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn kì í sì í fi yá ẹnikẹ́ni. Mo dúró, mò ń wò ó, ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì kún inú mi. Mo ti kàwé dé yunifásítì, n kò mọ̀ pé ọwọ́ náà lè kàwé tó bẹ́ẹ̀.

Kò síná, kò sí bí a ṣe lè fi kọ́ńbò dán wọn wò. Méjì péré ló yàn nínú gbogbo rẹ̀. Ó tún fọwọ́ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó na ọ̀kan sí mi, ó ki èkejì bọ àpò. N kò bèèrè ìdí tó fi jẹ́ èyí ló fún mi.

Lọ́jọ́ Ìkórè, béèsì mi dún gaara. Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ àṣìṣe tèmi gan-an, nítorí kò sí ariwo tí mo lè fi bò ó mọ́. Bàbá, tó máa ń jó tìdí-tìdí bó bá ń ta gìtá, dúró bí òpó. Mo rò pé orúnkún ni.

Nígbà tó kan àwọn àgbẹ̀ láti jó wá síwájú pẹ̀lú iṣu lórí, ẹnìkan fi ẹsẹ̀ wọ́ wáyà Bàbá. Gìtá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta párá-párá bí àgbàdo nínú agbada. Wọ́dìn dìde, ó wá tẹ̀ sí Bàbá létí, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jókòó báyìí. Ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n." Àwọn tó wà ní ìjókòó iwájú mi orí tàánútàánú.

Mo sún mọ́ Bàbá. "Ṣé wáyà yín ni?"

"Mo mọ̀ láti Ìjerò. Orí kan ò múlẹ̀ dáadáa nínú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló dáa nínú gbogbo èyí tó wà níbẹ̀. Mo ní bí mo bá dúró jẹ́ẹ́, á gbé mi dópin ìsìn."

"Kí ló dé tí ẹ fi èyí tó dáa fún mi?"

"Uṣẹ́ rẹ ni wọ́n ń wá gbà. Tèmi, ta ló ń dù ú? Máa ta béèsì rẹ, Ìyàwó."

Òwe kan wà nípa àgbà tó wà lọ́jà àti orí ọmọ tuntun. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òwe ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà, ìbínú ni. Inú bí mi sí wọ́dìn, ó bí mi sí ontajà, ó tiẹ̀ bí mi sí Bàbá. Mo yọ wáyà mi, kọ́ńbò ké gbàù. Bàbá ń mi orí pé rárá, ó fọwọ́ bo gìtá rẹ̀. Mo ṣí ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo yọ tirẹ̀, mo fi tèmi sí i, mo sì fi èyí tó bàjẹ́ sínú béèsì.

Bàbá ta okùn kan. Ó dún bí agogo. Mo ta tèmi, ariwo náà sì ya jáde lọ́dọ̀ mi, gbogbo ìjọ gbọ́ ọ.

Wọ́dìn yí padà. Ó wo ìka Bàbá tó ń sáré lórí gìtá láìgbọ̀n rárá. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó ń bọ̀. Mo di béèsì mú, mo rò pé ó fẹ́ gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan tẹ orí wáyà níbi tó ti wọ inú béèsì, ariwo dákẹ́. Ó gbé ìka kúrò, ariwo padà dé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́.

Àwọn ìyá ti dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, wọ́n ti gbé orin tiwọn, béèsì ni wọ́n ń retí. Wọ́dìn ká agbádá rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú gbogbo àwọn tó ti kọ́ níwèé rí, ó fi ìka méjì di orí wáyà náà mú pinpin, mo sì ta béèsì mi títí àwọn ìyá fi dúpẹ́ tán.