Ìpè Alhaja Òkè

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi àlọ́ dá yín lára yá. Nílé wa, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ṣẹlẹ̀, Mọ́mì náà sì fetí ara wọn gbọ́ ọ.

Ìbà Estate la ń gbé, èmi àti Mọ́mì nìkan. Ọmọ kan ṣoṣo ni mí, wọ́n sì ń ṣọ́ mi bí ẹyin. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Ajangbadi, wọ́n á ti géètì onírin mọ́ mi, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kí ni kí n ṣe? Mo máa ń fọkàn dá èèyàn sílẹ̀, màá máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà míì, mi ò mọ èyí tó jóòótọ́ mọ́.

Mọ́mì gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù bà wọ́n. "Bí o bá tún ní o rí ẹni tí kò sí níbẹ̀, gbàgbé yunifásítì. Ilẹ̀ àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wàá máa sùn, kí wọ́n máa gbàdúrà lé ẹ lórí." Bẹ́ẹ̀, mo ti gba àdìmíṣọ̀n o!

Alhaja tó ń gbé lókè wa ni ọ̀rẹ́ Mọ́mì. Wọ́n jọ ń lọ ọjà láràárọ̀. Alhaja á dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á pè: "Ìyá Aláṣọ! Ṣé ká máa lọ?" Mọ́mì á dáhùn kí wọ́n tó jí tán.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja ò pè, Mọ́mì nìkan ló lọ ọjà. Lọ́sàn-án, mo ń fọ àwo, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń họ géètì. Alhaja ni. Aṣọ funfun tí wọn ò rán létí ni wọ́n wé mọ́ra. Òwú wà nínú ihò imú wọn. Mo rò pé imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ ni.

"Ẹ káàsán mà. Mọ́mì ti lọ ọjà."

Wọ́n fẹnu mọ́ irin, wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Sọ fún ìyá ẹ, tó bá gbọ́ ohùn mi láàárọ̀ ọ̀la, kó má dáhùn."

Mo yíjú kí n pa omi ẹ̀rọ. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

Orí mi tún ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú. Mo panu mọ́, torí mo fẹ́ lọ yunifásítì.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì wọlé, ojú wọn ti wú fún ẹkún. "Alhaja ti lọ o! Ọsibítù ni wọ́n kú sí láàárọ̀. Wọ́n ti sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àílà."

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán yẹn náà ni mo rí wọn ní géètì! Ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì ni mo sùn, ṣùgbọ́n mi ò fojú kan oorun.

Nígbà tó di ìdájí, ohùn dún lórí àtẹ̀gùn: "Ìyá Aláṣọ! Ṣé ká máa lọ?"

Oorun ṣì wà lójú Mọ́mì, ẹnu wọn ti là. Mo fò mọ́ wọn, mo fọwọ́ méjèèjì dì wọ́n lẹ́nu. Wọ́n gbá mi, wọ́n jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé Alhaja ti kú, ni wọ́n bá dì mọ́ mi. Ó tún pè.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ?" Mọ́mì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mo gbọ́, mà."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn díẹ̀. Kì í ṣe orí mi! Ẹ ò rí ayé?

Mo sọ ohun tí mo rí ní géètì fún Mọ́mì, wọn ò sì ti géètì mọ́ mi mọ́. Wọ́n ní kí n lọ gbé ní họ́sítẹ̀lì, ẹrù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí Alhaja ló kìlọ̀ fún wa, ta ló ń fi ohùn wọn pè? Mi ò mọ̀. Láàárọ̀ òní náà, ó pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, bí wọ́n bá pè yín, tẹ́ ò rí ẹni tó ń pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Oorun Mọ́mì wúwo, ẹnu wọn sì yá. Bí mo bá lọ, ọwọ́ ta ni yóò máa dì wọ́n lẹ́nu?