Ilé Ọtí tí Ìyá Aránṣọ Tọrọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé alága àdúgbò ló tún títì wa ṣe, ẹ má dá a lóhùn. Ìyá Aránṣọ ni. Mo mọ̀, nítorí pé ògiri pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi tí mo ti ń dirun, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún tí etí mi kì í gbọ́. Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti há sínú irun oníbàárà láti àárọ̀, kí ni kó fi etí rẹ̀ ṣe?

Nígbà yẹn, títì wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro. Oníbúrẹ́dì ti kógbá wọlé, oníbàtà ti kó lọ, àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dógùn-ún. Ilé ọtí kan ṣoṣo tó kù wà ní ìkángun lọ́hùn-ún. Àga ibẹ̀ kò lẹ́yìn, ilẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ rẹ̀ kò sì ṣé é tì. Ọmọlúàbí kì í wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ Ìyá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rélùwéè, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, kò rí ibi tí yóò máa lọ. Ló bá gbé àga sínú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó pa síbẹ̀. Bí obìnrin bá gbé aṣọ wá, Bàbá á yẹ̀ ẹ́ wò tòkè-tilẹ̀, á ní, "Ìyá mi, àwọ̀ yìí pọ́n jù fún yín. Bí mo bá rí yín lókèèrè, màá dá ọkọ̀ dúró ni."

Ẹ̀rín ni òun fi ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó tún burú jù ni pé kò sí obìnrin tó máa bọ́ aṣọ kí wọ́n wọn ara rẹ̀ lójú ọkùnrin. Àwọn oníbàárà á yọjú, wọ́n á rí fìlà rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, ó sì parí nìyẹn. Iṣẹ́ ń lọ sílẹ̀, Ìyá Aránṣọ sì ń kùn sínú.

"Bàbá wa," á ní, "ẹ ò ṣe jáde lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀?"

"Síbo, Ìyàwó? Ibo ló wà ní títì yìí tí mo fẹ́ na ẹsẹ̀ sí?"

Àwọn ọmọ wọn ti bímọ, ìyàwó ló ṣì ń pè é. Òótọ́ ló kúkú sọ, kò sí ibi kankan.

Nígbà tó yá, alága àdúgbò pè wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ó ní ẹni tó ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo fẹ́ mọ ohun tí a fẹ́ kó fi wọ́n ṣe. Ọ̀kan ní búrẹ́dì, pé ó ti sú òun láti máa wọkọ̀ lọ ra búrẹ́dì bíi pé òun ń rìnrìn àjò. Òmíràn ní bàtà ọmọdé. Èmi ní òróró irun. Àfi bí Ìyá Aránṣọ ṣe dìde, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ.

"Ilé ọtí ni mo fẹ́," ó ní. "Ilé ọtí gidi. Kí àga rẹ̀ lẹ́yìn, kí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, kó sì máa ṣílẹ̀kùn láàárọ̀."

Gbogbo wa ló mọ̀ pé kì í fẹnu kan ọtí. Alága ní, "Ìyá, àbí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni?"

"Èmi kọ́. Ọkọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n ríbi jókòó sí, kí èmi náà lè ráyè ṣiṣẹ́ mi."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bàbá Rélùwéè tó jókòó lẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo rí i tó ṣí fìlà, tó ń yí i po lọ́wọ́, tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an ni.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, onílé gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì rí gba ibi tí oníbàtà fi sílẹ̀, ní òdìkejì títì, ó dojú kọ wá gẹ́lẹ́. Ó kùn ún, ó fi fèrèsé ńlá sí i, ó kó àga tó lẹ́yìn wọlé. Ìyá Ọlọ́tí ni a sọ ọ́. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, oníbúrẹ́dì náà padà dé, títì wa sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jọ títì ènìyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló bá ọkọ rẹ̀ tún ọrùn aṣọ ṣe. "Ẹ lọ gbádùn ara yín," ó ní. "Ẹ má kánjú dé." Bàbá sọdá títì, kò sì wẹ̀yìn.

Áà, àwọn obìnrin rọ́ wá! Wọ́n ń bọ́ aṣọ, wọ́n ń wọn ara, wọ́n ń pariwo. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ṣàkíyèsí pé ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ ń já. Á sáré díẹ̀, á dákẹ́, á sì pẹ́ títí kó tó tún sáré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù. Mo mú òòyà mi lọ́wọ́, mo lọ wò ó.

Ó dúró lẹ́nu fèrèsé, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó ń fi òwú wá ojú rẹ̀. Òwú gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì. "Wọn ò ṣe abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́," ó ní. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òwú sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló ń bá yín fi òwú sí i tẹ́lẹ̀?" mo bi í.

Ó wá jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wa ni. Mi ò ní kí wọ́n ṣe é rí," ó ní. "Wọ́n á máa sọ ìsọkúsọ wọn, kí n tó mọ̀, wọ́n á ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àìríṣe ló ń dà wọ́n láàmú ni." Omi ti lé sí i lójú. "Ojú mi ti ń lọ. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé màá bínú bí wọ́n bá sọ ọ́, ni wọ́n bá jókòó tì mí. Mo wá lé wọn jáde níṣojú gbogbo ayé."

Ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn àti òwú, ó sọdá títì tòun ti téèpù lọ́rùn. Mo tẹ̀ lé e. Ta ni kò ní tẹ̀ lé e?

Gbogbo ẹni tó wà ní ilé ọtí yíjú sí wa. Bàbá Rélùwéè wà lẹ́nu fèrèsé ńlá náà, ó kọ ojú àga rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa, ọtí iwájú rẹ̀ kún dẹ́nu, ìfófòó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá Aránṣọ na abẹ́rẹ́ sí i. Bàbá gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi òwú bọ̀ ọ́, ó sì ta kókó sí ìdí rẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti tóbi jù fún mi."

"Ọtí ibí dáa, Ìyàwó," Bàbá dáhùn. "Àmọ́ kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ mi ń bí nínú níbí."

Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin bá wá wọn ara, Bàbá á wà ní ilé ọtí. Bí òwú bá tán lójú abẹ́rẹ́, Ìyá Aránṣọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Ọlọ́tí á fi àwo bo ọtí Bàbá, Bàbá á sì sọdá. Kódà ẹni tó ń gbé búrẹ́dì wá mọ ọwọ́ náà, ó máa ń dá ọkọ̀ dúró fún un.

Èmi ni mo fi tipátipá fa Ìyá Aránṣọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n sì fún un ní awò ojú. Mo ṣe bí wàhálà ti tán. Lọ́jọ́ kan ni mo yọjú sí i, tí kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó wọ awò náà, ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ fojú wá a. Ó wò ó díẹ̀. Ó wá fa òwú náà yọ, ó ti awò bọ abẹ́ aṣọ, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú mi kì í gba irú nǹkan báyìí. Mo pàdé Bàbá láàárín títì. "Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín nípa ìyàwó yín."

Kò dúró. "Fèrèsé yẹn mọ́ dáadáa, ọmọ mi," ó ní. "Mo máa ń rí i tó bá ń fa òwú yọ. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀."