Ọkọ̀ Tí Mo Tẹ̀ Rì

Ilé wa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Màpó, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ. Kò sí omi kankan nítòsí ibẹ̀ tó lè gbé ọkọ̀, àfi omi kànga àti èyí tó ń ṣàn nínú gọ́tà. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ọkọ̀ ojú omi kan ti wà lẹ́yìnkùlé wa, tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí òkúta, lábẹ́ ìgbátí ilé. Adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń sá aṣọ sórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé pẹpẹ kan ni.

Bàbá àgbà mi ló kàn án. Káfíńtà ni, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń ṣe ní Bẹyẹrùnkà, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa lọ pẹja ní adágún Ẹlẹ́yẹlé. (Mo ń kọ "ó" níbi tí ẹnu mi ìbá ti wí "wọ́n", kí òǹkàwé má baà rò pé ènìyàn púpọ̀ ni mò ń sọ. N kò jẹ́ wí bẹ́ẹ̀ lójú àgbà.) Ní ọdún tí omi Ògùnpa ya wọ ilé àwọn ènìyàn, ó ti gbé ọkọ̀ náà wálé láti tún un ṣe. Òun àti àwọn ọkùnrin àdúgbò rù ú sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó sì ń fi í kó àwọn tí omi ká mọ́lé. Nígbà tí omi fà, wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó há sí lẹ́yìn ògiri kan tó wó. Wọn kò rí bàbá àgbà mi. Títí di òní, a kò ní sàréè kankan tí a lè dúró tì ṣàdúà fún un. Ọkọ̀ nìkan ni a ní.

Ohun tí mo kọ sókè yìí, mo gbọ́ ọ ni. Ohun tí mo rò pé mo rí yàtọ̀. Mo rí ara mi lórí ìjókòó kan nínú ọkọ̀. Omi pupa rúsúrúsú yí wa ká. Ewúrẹ́ kan ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sì gbé ojú kúrò lára mi. N kò rí ẹni tó ń tukọ̀, nítorí ẹ̀yìn mi ló wà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Jókòó jẹ́ẹ́." Létí Ògùnpa ni bàbá àti ìyá mi gba yàrá sí nígbà náà. Ìyá mi sọ títí ó fi kú pé ìrántí yìí kì í ṣe òótọ́, pé òun ti pọ̀n mí lọ sí Yemẹtu ní àárọ̀ ọjọ́ náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo sì ń gbọ́ ohùn náà. N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń ṣe é láti kékeré.

Ìyá àgbà mi ló fà á tí mo fi dáwọ́ lé ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti sá kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí katapílà ti gbà kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò bàbá mi obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ó lajú, ó ní, "Má jẹ́ kí ọkọ mi rì." Kò tún sọ ohun tó ní ìtumọ̀ mọ́ títí ó fi jáde láyé.

Mo kọ "ọkọ" yẹn láìfi àmì sí i, nítorí kò sí àmì lórí rẹ̀ nígbà tó jáde. Etí mi ló fi àmì sí i lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ni mo gbọ́. Má jẹ́ kí ọkọ̀ mi rì.

Láti ìgbà yẹn ni ọkọ̀ náà ti ń wò mí. Mo gbéyàwó, mo ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kó lọ sí òdìkejì ìlú; bí mo bá wá kí àwọn ará ilé, n kì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá bí mo bá lè yẹra fún un. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n sọ fún mi pé ikán ti ń jẹ ìdí rẹ̀. Àyà mi já bí ìgbà tí wọ́n ní ara ènìyàn mi kan kò yá. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni mo ní, àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú bí kò bá sí ìnáwó tí mo gbọ́dọ̀ yọjú sí.

Mo fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo yọ ìṣó tó ti dípẹtà, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo gé pákó ìrókò sí ibi tí ikán jẹ, mo sì fi òwú tí mo rẹ sínú ọ̀dà dí àlàfo tó wà láàrin pákó sí pákó. Orí fóònù ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe, mo tún bà á jẹ́.

Àwọn ìyàwó ilé wa kò fún mi ní ìsinmi. Ọmọ ilé ni mí, nítorí náà gbogbo obìnrin tí wọ́n bá gbé wọ agbo ilé wa, ọkọ ni wọ́n ń pè mí, ìbáà ṣe pé àná ni wọ́n gbé e dé.

"Ọkọ wa ń kan ọkọ̀," ni ọ̀kan tó ń ṣa ẹ̀wà wí.

"Ànọ́bì Núhù ni," ni èkejì dáhùn. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, tí òjò yẹn bá dé, ṣé méjì-méjì lẹ máa kó wa wọlé ni, àbí ẹ ti mú ẹni tí ẹ máa mú?"

"Méjì-méjì ti bọ́wo? Èmi àti ìyálé mi ò lè wọ ọkọ̀ kan náà."

"Ọkọ kan náà lẹ kúkú jọ ní. Ọkọ̀ kan náà ló wá ṣòro?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ nígbà náà pé ibi tó ń dùn mí gan-an ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Bí wọ́n bá wọlé tán, ẹ̀yìnkùlé a dákẹ́. Bí mo bá fi òòlù kan ìdí ọkọ̀, ohùn kan a dáhùn láti inú rẹ̀, a sì pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ohun tó bá ṣófo ṣe ń dún. Síbẹ̀ mo máa ń dúró kí ó dáhùn tán kí n tó kan òmíràn. Ní ọjọ́ kan, mo fi ọ̀bẹ yọ ẹrẹ̀ láàrin pákó, ó ṣì rọ̀, ó ń rùn bí odò. Ó yẹ kí ẹrẹ̀ yẹn ti di eruku láti ìgbà èwe mi. Ó lè jẹ́ pé omi òjò ló ń rin ín. Mo fọ ọwọ́ mi, òórùn náà sì bá mi délé.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé bá mi yí ojú ọkọ̀ náà sókè, mo rí pákó kékeré kan níwájú, tó rẹlẹ̀ ju ìjókòó atukọ̀ lọ, tí wọ́n fá ojú rẹ̀ dán. Kò lè gba ìdí àgbàlagbà. Mo wò ó títí. N kò mọ̀ bóyá mo rántí rẹ̀, tàbí bóyá bí mo ṣe rí i ni mo gbé e sínú ìrántí mi, tí mo sì lọ jókòó lé e. Mo ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ sílẹ̀ láti yunifásítì, ohun tí àṣà náà sì kọ́ mi ni pé ọkàn mi kì í fi àyè sílẹ̀ lófo. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, á kàn án.

Àbúrò bàbá mi ti darúgbó báyìí; Àlàájà ni gbogbo wa ń pè é. Orí àga rọ́bà kan, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ló máa ń jókòó sí wò mí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Àlàájà, ta ló ni ìjókòó kékeré yìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìwọ ni. Wọ́n máa ń gbé ẹ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé."

"Ṣé mo wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ omi?"

Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "Orí òkè ni mo wà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé gòkè bọ̀ pọ̀. Ẹrẹ̀ ti bo ojú gbogbo yín."

"Gbogbo yín, Àlàájà?"

"Gbogbo wọn ni mo wí."

"Yín lẹ wí."

"Ó dáa, adájọ́. Ìyá ẹ ní Yemẹtu lẹ wà. Ṣé o fẹ́ pe òkú ní òpùrọ́ ni?"

Mo mú òòlù mi, mo padà sídìí iṣẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Mo da omi sínú ọkọ̀ láti dán an wò. Omi náà jáde ní ojú gbogbo pákó, ó sì ṣàn lọ sí ìdí kànga. Pákó ti gbẹ, ó ti súnkì.

"Wàá tẹ̀ ẹ́ rì ni," ni Àlàájà wí láti orí àga rẹ̀.

"Kí n ṣe kí ni?"

"Lọ́dọọdún ni Bàbá ń ṣe é. Tí ọyẹ́ bá ti la ojú pákó, wọ́n á gbé e lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n á kó òkúta sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ rì létí omi, wọ́n á fi sílẹ̀ níbẹ̀. Pákó á mumi yó, á wú, á fún mọ́ra. Ọkọ̀ tí kò bá kọ́kọ́ rì létí omi, àárín omi ló máa rì sí."

Mo gbé korobá sílẹ̀. "N kò lè ṣe é, Àlàájà. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn rì."

Ó wò mí bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo sọ. "Ọkọ̀ kẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n wí nìyẹn."

"Ìyá ò pe nǹkan yìí ní ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé lófìfo. Pákó ni wọ́n ń pè é. Ẹ sá aṣọ sórí pákó. Ẹ lé adìẹ kúrò lábẹ́ pákó. Ṣé o gbọ́ ọkọ̀ lẹ́nu wọn rí?"

Mo wá a nínú ara mi. N kò rí i. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ìyá àgbà mi, èmi ni mo fi í síbẹ̀.

"Ọkọ mi ni wọ́n wí," ni Àlàájà tún sọ.

"Bàbá nìyẹn."

"Bàbá ti rì. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ohun tó ti rì má rì?" Ó na tẹ̀sùbáà sí mi. "Ta ni Ìyá tún ń pè ní ọkọ mi nílé yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n?"

"Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọn ò lè máa bẹ̀ mí nítorí ara mi."

"Ìwọ lo sọ pé ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ojú ẹ kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn ẹ ni."

Gbogbo rẹ̀ wá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò ju èémí lọ. "Má" ni ìyá àgbà mi ń wí fún mi; ọmọdé ni mí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe bàbá àgbà mi ní "ìwọ" rí. Bí ó bá jẹ́ "Ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi rì" ni ó wí, a jẹ́ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi nínú yàrá náà, ẹni tó mọ àjẹ̀ í lò, ẹni tó lè ti gbé mi gba orí omi kọjá lẹ́ẹ̀kan. Òun ni ìyá àgbà mi ń bẹ̀ nítorí mi. Mo ti pa ojú mi dé lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti tún yàrá náà kọ́ lọ́kàn: ẹní, ìgò oògùn, fèrèsé tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Nígbà mìíràn mo ń gbọ́ "ẹ" náà. Nígbà mìíràn, èémí lásán ni. Mo bi Àlàájà léèrè. Ó ní, "Ẹnu tó ti wọ́, ta ló lè mọ̀?" Nínú gbogbo ohun tó sọ, èyí nìkan ni n kò ṣiyèméjì sí.

A gbé ọkọ̀ náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Àlàájà ní dandan, òun yóò lọ. Nígbà tí a dé orí afárá Ògùnpa, omi tó wà nísàlẹ̀ kò ju ohun tó lè rin kókósẹ̀ lọ, ó ń wá ọ̀nà gba àárín pàǹtírí kọjá.

Ní Ẹlẹ́yẹlé, mo kó òkúta sínú ọkọ̀ ní ibi tí omi ti dé mi ní ìbàdí. Omi gba ojú pákó wọlé láìkánjú, bí ẹni tó mọ ilé náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé orí pákó kékeré iwájú, mo di etí ọkọ̀ mú, n kò sì lè tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe, àfi bí mo bá ṣì í gbọ́. Mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́lé sórí gbígbọ́ náà.

"Fi sílẹ̀," ni Àlàájà wí láti etí omi. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún omi ní ohùn mìíràn, ohùn ọmọ sí òbí rẹ̀: "Ẹ bá wa dì í mú."

Mo tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọkọ̀ náà rì.

Nígbà tí a padà lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo yọ òkúta kúrò, mo gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ó sì gbéra sókè. Pákó ti fún mọ́ra. Mo wọ inú rẹ̀, mo jókòó sórí ìjókòó atukọ̀ lẹ́yìn, mo mú àjẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Láti kékeré ni mo ti ń wá ojú bàbá àgbà mi nínú ìrántí yẹn. N kò ronú rí nípa ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Láti ibi tí mo jókòó sí, ẹ̀yìn orí ọmọ kékeré kan ni ènìyàn máa rí, àti omi níwájú rẹ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó rí nìyẹn. Bí n kò bá sí níbẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ló rí.

Mo ti àjẹ̀ bọ omi. Ọkọ̀ náà yẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni ẹnu mi wí kí n tó mọ̀.

Àlàájà gbójú sókè níbi tó wà. "Ta lò ń bá wí?"

Pákó kékeré náà ṣì tutù, omi ń kán létí rẹ̀. Mo ń tu ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ọmọ síwájú.